Ogún ni sítáǹbù ilé olódi, kì í ṣe mẹ́rin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ sítáǹbù àtijọ́ ni mo bá wá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè lójú ìwé yín.

Ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa ló ní àpótí lẹ́tà kan tí bàbá tàbí ìyá tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba fi sílẹ̀. Bí lẹ́tà inú rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún 1955 sí 1968, ẹ ó rí sítáǹbù fífẹ̀ kan tó ní àwòrán ilé olódi àti orí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Aláwọ̀ kọfí ni ti ṣílè méjì àbọ̀, pupa ni ti ṣílè márùn-ún, búlúù ni ti ṣílè mẹ́wàá, dúdú ni ti pọ́n-ùn kan. Kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè lára wọn. Ìlú Ọba kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára sítáǹbù, orí ọba ló ń dúró fún un.

Àwọn tó ń ta sítáǹbù yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì a máa sọ fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jọ pé mẹ́rin péré ni, pé bí ojú mẹ́rin yẹn bá ti pé nínú ìwé, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ni wọ́n, mẹ́tàlá mìíràn sì tún jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tí kò bá mọ èyí á ta ojúlówó lówó pọ́ọ́kú, á sì fi owó gidi ra èyí tó kún ìta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Oríṣi sítáǹbù méjì ló wà. Ti ìrántí ń jáde nítorí ayẹyẹ kan, bó bá tán, ó tán. Ti ojoojúmọ́ ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tà láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lákọ̀tun nígbàkígbà tó bá ti fẹ́ tán. Nínú àtúntẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ilé ìtẹ̀wé lè yí padà, bébà lè yí padà, irin tó ń lu ihò etí rẹ̀ lè yí padà, ṣùgbọ́n ojú àwòrán á wà bó ṣe wà. Wọ́n á jọ ara wọn bí ìbejì, ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń wọ̀ wọ́n láṣọ, ló máa mọ èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé.

Lynton Lamb ló ya àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé olódi kan ni fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Carrickfergus ti Àríwá Ireland wà lára ṣílè méjì àbọ̀, Caernarfon ti Wales lára ṣílè márùn-ún, Edinburgh ti Scotland lára ṣílè mẹ́wàá, Windsor ti England lára pọ́n-ùn kan. Gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ àwòrán náà sínú irin, tí yíǹkì wọnú ojú ibi tí wọ́n gbẹ́, kí wọ́n tó fi agbára tẹ bébà mọ́ ọn. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná tó ń tàn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé ìlà yíǹkì ga díẹ̀ ju bébà lọ. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán inú ìwé ìròyìn, kì í ṣe òun.

Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ló tẹ̀ wọ́n. Waterlow ló bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn kan náà tó tẹ sítáǹbù Nàìjíríà ti 1953, èyí tí pọ́n-ùn kan rẹ̀ ní àwòrán Èkó àtijọ́ àti Èkó tuntun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1958, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ De La Rue. Ní 1963, ó bọ́ sọ́wọ́ Bradbury Wilkinson, àwọn ló sì tẹ̀ ẹ́ títí tí sítáǹbù orí ọba lásán fi gba ipò rẹ̀ ní oṣù kẹta 1969.

Bébà tún yí padà láàárín ìgbà náà. Mú sítáǹbù kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àmì kan tó wà nínú bébà fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe yíǹkì. Ti Waterlow àti ti De La Rue àkọ́kọ́ ní adé pẹ̀lú lẹ́tà E, òǹkà 2 àti lẹ́tà R. Láti 1959, De La Rue bẹ̀rẹ̀ sí í lo bébà tó jẹ́ kìkì adé ló wà nínú rẹ̀, kò sí lẹ́tà. Bébà aládé lásán yẹn náà ni Bradbury Wilkinson fi bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ní 1967 sí 1968, wọ́n fi bébà tí kò ní àmì kankan tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà márùn-ún nìyẹn, iye owó mẹ́rin lọ́nà kọ̀ọ̀kan: ogún.

Ìmọ́lẹ̀ fìtílà kì í sábà tó láti rí àmì yìí nítorí pé yíǹkì pọ̀ lára sítáǹbù náà. Ohun tó dájú ni àwo dúdú kékeré àti epo tí wọ́n fi ń kún láítà. Ẹ dojú sítáǹbù bolẹ̀ nínú àwo, ẹ kán epo náà bí ẹ̀kán mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì á yọ ní dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí epo tó gbẹ. Ẹ̀yìn lẹ ń wò, nítorí náà E àti R á kọ òdì sí yín, ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Epo yìí kì í ba gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹbù tí a kò tíì lò jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbiná kíá. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù dípò rẹ̀ láé. Kẹrosíìnì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́.

Ibi tó le jù ni láti ya ti Waterlow sọ́tọ̀ kúrò lára ti De La Rue àkọ́kọ́, nítorí pé àmì inú bébà wọn bára mu, De La Rue sì lo irin ìpìlẹ̀ tí Waterlow gbẹ́ gan-an láìyí ohunkóhun padà. Bí ẹ bá wọn àwòrán náà láti òní di ọ̀la, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Àárín sítáǹbù sí sítáǹbù ló yí padà. De La Rue to àwòrán náà súnmọ́ra díẹ̀ lórí àwo irin tuntun wọn. Bí ẹ bá rí méjì tó so pọ̀, tí ọ̀kan wà lókè ìkejì, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín àwòrán méjèèjì: ti Waterlow wà láàárín mìlímítà 3.8 sí 4.0, ti De La Rue wà láàárín 3.4 sí 3.8. Ti De La Rue tó pẹ́ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ má fi ìwọ̀n yìí nìkan dájọ́.

Ta ló wá ń rí méjì tó so pọ̀ nínú àpótí lẹ́tà? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń rí. Ẹ gbé ẹyọ náà sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, kí ẹ sì mú ojú lọ sókè pátápátá. Bébà kéékèèké tó yọ jáde láàárín ihò sí ihò ni à ń pè ní eyín. Eyín tó wà lókè pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kí ẹ wò. Ti Waterlow fẹ̀, ó fẹ̀ ju àwọn eyín tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ kedere. Ti De La Rue tín-ín-rín jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà sítáǹbù súnmọ́ra, irin tó ń lu ihò kò ní láti rìn jìnnà kó tó lu ìlà tó kàn. Eyín kan ṣoṣo yìí ti yanjú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn.

Bí eyín náà bá ti kán, ẹ yíjú sí yíǹkì. Ìlà De La Rue mọ́, kò ní irun yíǹkì wẹẹrẹ tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà Waterlow, gbogbo ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju ti Waterlow lọ. Ṣílè méjì àbọ̀ ti Waterlow ń lọ sí dúdú, ti De La Rue jọ ṣokoléètì. Ṣílè márùn-ún De La Rue pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ṣílè mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ búlúù tààrà, pọ́n-ùn kan rẹ̀ kò sì dúdú kirikiri tó ti Waterlow. Bébà náà ń sọ̀rọ̀: funfun ni gbogbo ti De La Rue, funfun sì ni ti Waterlow láti oṣù kejì 1957, ṣùgbọ́n Waterlow tó ṣáájú ìgbà yẹn ní àwọ̀ bíi ti ọ̀rá wàrà. Ẹ má fi àwọ̀ dájọ́ lábẹ́ gílóòbù pupa alẹ́ o. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni, kí ẹ sì to wọ́n ti ara wọn kí ojú lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Bí ẹ bá rí bébà aládé lásán, De La Rue 1959 àti Bradbury Wilkinson 1963 ló kù láti yà. Èyí rọrùn díẹ̀. Bradbury Wilkinson gbẹ́ tirẹ̀ jinlẹ̀, nítorí náà àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ara adé Ọbabìnrin hàn kedere, ìlà ojú rẹ̀ sì nípọn sí i. Iye ihò etí tún yàtọ̀. Iye ihò tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì là ń kà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tàbí òsì, ti De La Rue jẹ́ 11.8, ti Bradbury Wilkinson sì jẹ́ 11.9 sí 12. Òṣùwọ̀n páálí tó ń fo ní ìdajì ìdajì kò lè rí ìyàtọ̀ kékeré yìí. Òṣùwọ̀n oníláílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, tó ní ìlà tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látòkè délẹ̀, ni kí ẹ rà.

Nǹkan mìíràn tó ń da ojú rú ni àwọn tí wọ́n tẹ rúpì lé lórí. Ìlú Ọba ló ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ ní Bahrain, Kuwait àti Qatar nígbà náà, wọ́n sì mú ṣílè méjì àbọ̀, wọ́n tẹ rúpì méjì lé e, ṣílè márùn-ún di rúpì márùn-ún, ṣílè mẹ́wàá di rúpì mẹ́wàá, pẹ̀lú orúkọ ìlú náà. Ojú ìwé tiwọn lọ́tọ̀ ni. Ẹ má kó wọn mọ́ ogún yìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí bí a ṣe ń yọ wọ́n kúrò lára bébà, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bàjẹ́ jù. Àwọn kan ń fi ooru kẹ́túlù yọ ọ́, àwọn mìíràn ń fà á ní gbígbẹ. Bí ẹ bá fà á, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ á bó lọ níbì kan, ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, àbùkù náà ò sì ní àtúnṣe. Omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ lò, nínú abọ́ mímọ́ tí kò ní ọ̀rá. Ẹ gé bébà yí sítáǹbù ká, kí ẹ jẹ́ kó léfòó pẹ̀lú ojú rẹ̀ sókè, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Bí gọ́ọ̀mù bá ti rọ̀, sítáǹbù á yọ fúnra rẹ̀. Bí kò bá tíì yọ, kò tíì tó àkókò. Èyí tó wà lára bébà aláwọ̀, pàápàá pupa àti elése àlùkò, ẹ rẹ ẹ́ lọ́tọ̀, nítorí aró bébà náà á tú sínú omi, á sì pa gbogbo èyí tó bá wà níbẹ̀ láró.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn wọ́n nínú omi kejì. Àwọn tó fo èyí dá ni sítáǹbù wọn ń lẹ̀ mọ́ bébà tí wọ́n fi gbẹ ẹ́. Ẹ dojú wọn bolẹ̀ sórí bébà funfun tó ń fa omi, kì í ṣe ìwé ìròyìn, torí yíǹkì ìwé ìròyìn á ṣí sí i lára. Bí wọ́n bá gbẹ tán tí wọ́n ká kò, ẹ fi wọ́n sáàárín ìwé ńlá kan di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Yíǹkì tó ga lára bébà nínú iṣẹ́ gbígbẹ́ yìí ni áyọ́ọ̀nù máa kọ́kọ́ tẹ̀ pa. Èyí tí a kò tíì lò, tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fojú kan omi rárá. Ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni kí ẹ sì fi máa mú gbogbo wọn, òógùn ọwọ́ wa tó láti sọ gọ́ọ̀mù di àbàwọ́n.

Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń pín èyí tí a ti lò sí rere àti burúkú. Sítáǹbù olówó ńlá ni wọ̀nyí, ẹrù tí wọ́n dì ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ jù, òǹtẹ̀ rọ́bà ńlá ni wọ́n sì fi ń lu ẹrù, tó ń bo ojú Ọbabìnrin mọ́lẹ̀ biribiri. Òǹtẹ̀ roboto kékeré, tí ọjọ́ àti ìlú hàn lára rẹ̀, tó kan igun kan ṣoṣo, ni kí ẹ yàn.

Àwọn mẹ́tàlá tó tẹ̀lé wọn kò ní àmì inú bébà, nítorí náà wọn ò gba epo láítà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 1988, ilé olódi mẹ́rin kan náà tún padà: Carrickfergus pọ́n-ùn kan, Caernarfon pọ́n-ùn kan àbọ̀, Edinburgh pọ́n-ùn méjì, Windsor pọ́n-ùn márùn-ún. Fọ́tò tí ọmọ Ọbabìnrin, Andrew, yà ni Chris Matthews fi gbẹ́ wọn. Ní oṣù kẹta 1992, wọ́n fi yíǹkì kan tẹ orí Ọbabìnrin, tó jẹ́ wúrà bí ẹ bá kọjú sí i, tó ń di àwọ̀ ewé bí ẹ bá yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi ihò gígùn kan bí ẹyin sí etí ọ̀tún àti etí òsì, nítorí àwọn ayédèrú. Carrickfergus pọ́n-ùn mẹ́ta wọlé ní 1995. Ilé ìtẹ̀wé Harrison ló ń tẹ gbogbo wọ̀nyí; ní 1997, ilé ìtẹ̀wé Enschedé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà CASTLE tó wà lára sítáǹbù ni kí ẹ fi ya Harrison àti Enschedé. Ti Harrison, lẹ́tà C ní ìkọ́ kékeré lókè, ìrù rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀tún. Orí lẹ́tà A tẹ́. S ní ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀. Ti Enschedé, C kò ní ìkọ́ lókè, ìrù rẹ̀ sì kọjú sókè. Orí A mú ṣóńṣó. S kò ní ìkọ́ kankan. Mẹ́rin ni ti 1988, márùn-ún ni ti Harrison láti 1992, mẹ́rin ni ti Enschedé, torí Enschedé kò tẹ pọ́n-ùn kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta èyí tí orí wúrà rẹ̀ kò sí fún yín ní owó gọbọi, ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí àwọn olùyẹ̀wò, irú èyí tí Royal Philatelic Society London ń fúnni. Èèyàn lè ha wúrà kúrò nílé ara rẹ̀.

Ojú ọjọ́ wa kò rọ̀ mọ́ bébà. Lásìkò òjò, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ ojú ìwé. Àmì ipata aláwọ̀ búráùn tó ń yọ lára bébà, ọ̀rinrin ló ń fà á, ó sì lè ràn, ẹ yọ èyí tó bá ní i kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ìwé ìkósítáǹbù dúró, ẹ má to nǹkan lé e lórí, ẹ má sì fún un pọ̀ mọ́ ìwé mìíràn. Àpò kékeré tó ń fa omi, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, wúlò nínú àpótí náà, ṣùgbọ́n bó bá ti yó, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Láílọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi ti aṣọ tábìlì oníláílọ́ọ̀nù á yọ́ mọ́ yíǹkì bó bá pẹ́. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ tòsí. Aáyán fẹ́ràn gọ́ọ̀mù ju búrẹ́dì lọ, nítorí náà ẹ má kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àpò lẹ́tà. Bí wọ́n bá rí àpótí yẹn, sìsọ́ọ̀sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Lẹ́tà lásán láti London sí Ìbàdàn kò gbà tó ṣílè méjì àbọ̀ nígbà náà. Bí sítáǹbù ilé olódi bá wà lára àpò lẹ́tà, ó ní láti jẹ́ pé ó wúwo tàbí pé wọ́n fi rẹ́jísítà ránṣẹ́, èyí tí ìlà búlúù máa ń dábùú ara wọn lójú rẹ̀. Ẹyọ tó ti kúrò lára bébà pọ̀ lọ súà. Odindi àpò lẹ́tà tó gbé e wá sí ilẹ̀ wa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ibi tó ti jáde àti òǹtẹ̀ ibi tó dé, kò pọ̀ rárá. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ Èkó tàbí Ìbàdàn máa ń wà. Fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, àdírẹ́sì àti gbogbo rẹ̀, nínú láílọ́ọ̀nù tó dára, láìká a sí méjì. Bí ó bá di dandan láti gé, bí àpò náà bá ti jẹrà, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan ó kéré tán sílẹ̀ yí sítáǹbù àti òǹtẹ̀ rẹ̀ ká, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ìlú tó wà lára òǹtẹ̀ náà sórí bébà mìíràn kí ẹ tó gbé sìsọ́ọ̀sì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ilé iṣẹ́ yín ni pé nígbà tí ẹ bá tún ń gbé àwòrán sítáǹbù jáde, ti Ìlú Ọba ni o, tàbí tiwa ti 1961 tó ní ibùdókọ̀ ojú irin Èkó lára pọ́n-ùn kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Àwòrán tí wọ́n gé etí rẹ̀ dànù kò lè ran ẹnikẹ́ni tó ń wá eyín òkè yẹn lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akósítáǹbùjọ kan, Ìbàdàn